Àpótí Ìbò Méjì tí Mo Kàn fún Àwọn Àlejò Àpòmù

Ọmọ ọmọ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé òun kò torí ìfági rán an lọ sílé-ìwé. Ó wá bi mí pé, "Bàbá àgbà, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé iṣẹ́ tó dára ni?" Mo ní kí ó jókòó. Ìdáhùn mi gùn ju bó ṣe rò lọ, ó sì wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ìdajì. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ní sùúrù.

Mo ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, Ìkirè náà ni mo ti ń jókòó gba atẹ́gùn nísinsìnyí, ṣùgbọ́n Àpòmù ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà ìlú méjèèjì kò jìn. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ náà ni mo fi ń padà sílé lọ́jọ́ Sátidé kí n lè bá àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa ṣe ìsìn. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi mú obì àti àkùkọ kan lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá ní kí n na ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ó máa gbé e." Ó parí. Ẹ má bi mí léèrè owó o. Oúnjẹ ni mo ń jẹ.

Bàbá Súnmọ́nù ni ọ̀gá mi ń jẹ́. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Mùsùlùmí tòótọ́ ni, ẹni tí kì í fi ìrun falẹ̀, síbẹ̀ bí wọ́n bá pe ìrun, yóò kọ́kọ́ nu ayùn rẹ̀ mọ́ kó tó lọ ṣe àlùwàlá. Ọdún kan gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí n kò fọwọ́ kan ayùn. Èèrún igi ni mo ń gbá, pákó ni mo sì ń sá. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni kí á sá pákó. Ẹ ó tò ó lé ara wọn, ẹ ó fi ọ̀pá tín-ínrín há àárín wọn kí atẹ́gùn lè rọ́nà gbà, ẹ ó sì máa yí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá á wá, á gbá pákó kan ní ìka, á tẹ́tí sí i, á gbóòórùn rẹ̀, nígbà mìíràn á tún fi ahọ́n kàn án. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a fi ń dúró fún igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀.

Ó ní, "Igi máa ń pẹ́ kú. Wọ́n ti gé e, òun gan-an ò tí ì mọ̀. Tí o bá fi kàn nǹkan kó tó mọ̀, á jà mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ọ̀gá mi kì í nani. Ó ní ìyà tirẹ̀. Bí o bá ba pákó jẹ́, yóò lu ihò sí i, yóò fi okùn sí i, yóò sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. O ó wá gbé e la ọjà Àpòmù kọjá lọ ra ẹ̀kọ ọ̀sán, gbogbo ẹni tó bá sì bi ọ́ léèrè, o gbọ́dọ̀ dá a lóhùn pé, "Èmi ni mo bà á jẹ́." Mo ti gbé tèmi kọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, ọmọbìnrin kan tó jókòó ti agbọ̀n ata rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo búra lọ́jọ́ yẹn pé pákó kankan kò ní kọ́ mi lọ́rùn mọ́. Mo fẹ́ ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, títí tó fi kú ló ń fi pákó yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ẹ wò ó, mo ti fẹ́ máa sunkún. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ọ̀rọ̀.

Ayé òyìnbó ṣì ni, òmìnira kò tí ì dé. Àwọn àlejò pọ̀ ní Àpòmù nígbà náà, nítorí ọjà ibẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń fa ènìyàn. Àwọn Haúsá ń ta goro ní Sábó, àwọn Ùròbò sì wà nínú igbó ọ̀pẹ tó wà láàárín wa àti Ìkirè, wọ́n ń gun ọ̀pẹ, wọ́n ń fọ epo. Kánsù ìlú wá ní kí àwọn àlejò fi ìbò yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa wá jókòó sí ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn, tí yóò máa sọ tẹnu wọn, pàápàá bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀. Ẹni méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Máláàmù Ísà, oníṣòwò goro, ẹni tó máa ń dẹ́rìn-ín pa gbogbo ọjà. Èkejì ni Bàbá Éfé, olórí àwọn Ùròbò inú igbó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le ju awọ bàtà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú Bàbá Éfé. Ìdílé tó ni igbó ọ̀pẹ ti sọ pé àwọn fẹ́ gbà á padà, àwọn fẹ́ gbin kòkó síbẹ̀. Kánsù máa jókòó lé e lórí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnu tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú ìgbìmọ̀, tọmọtọmọ tìyátìyá ni wọn ó kó ẹrù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ùròbò fi fẹ́ kó wọlé, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn ará Sábó lọ. Gbogbo wa la ti mọ ẹni tó máa wọlé.

Nígbà yẹn, a kì í tẹ̀ka. Olúkálukú ló ní àpótí tirẹ̀, wọ́n á ya àmì rẹ̀ sí i lára. Wọ́n ya fìtílà sí ti Máláàmù, wọ́n ya igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ sí ti Bàbá Éfé. Olùdìbò á gba bébà, á wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ ní òun nìkan, á sì sọ ọ́ sínú àpótí ẹni tó bá wù ú. Ọ̀gá mi ni kánsù gbé iṣẹ́ àpótí méjèèjì fún. Ó yan pákó ọ̀mọ̀ tó ti gbẹ fún ọdún méjì, ó wọ̀n ọ́n, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ sí Ìkòyí lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe òrùlé. Ìkòyí tiwa ni o, kì í ṣe ti Èkó. Ó ní, "Iṣẹ́ tìẹ nìyí. Mo fẹ́ bá a nílẹ̀ tí mo bá dé."

Àpótí kìíní jáde bí ẹyin. Ní ti èkejì, ibi ìdérí ni mo ti bà á jẹ́. Pákó méjì ló bo orí rẹ̀, àárín wọn ni ẹnu tí bébà á gbà wọlé. Mo gé ọ̀kan nínú wọn kúrú. Mo dúró, mo ń wo pákó yẹn, mo ti ń rí ara mi nínú ọjà, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin aláta. Pákó ọ̀mọ̀ gbígbẹ mìíràn kò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń la igi létí odò ṣẹ̀ṣẹ̀ la arère kan lọ́sẹ̀ yẹn. Mo lọ tọrọ ègé kan. Ó tutù dé ibi pé ọwọ́ mi ń rin bí mo ṣe ń fá a. Mo fági rẹ̀, mo kàn án mọ́ ọn, mo kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Nígbà tí ọ̀gá dé, àpótí ti wà ní kánsù, mo sì ti fi pákó tí mo bà jẹ́ dáná. Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún ni mí, n kò tí ì mọ òwe náà dé ìdí.

Inú ọyẹ́ ni ọjọ́ ìdìbò bọ́ sí. Wọ́n gbé àpótí méjèèjì sí ẹ̀yìn aṣọ ní ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ti Máláàmù wà níbi òjìji, ti Bàbá Éfé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ìta ni mo dúró sí pẹ̀lú òòlù, nítorí káfíńtà ló gbọ́dọ̀ yọ ìṣó ìdérí níṣojú gbogbo ènìyàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kà á. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo wọ agbádá bàbá mi, mo ń yan kiri.

Nígbà tí mo yọ ìṣó àpótí Bàbá Éfé, mo rí ohun tí mo ṣe. Oòrùn àti ọyẹ́ ti fa pákó arère náà, ó ti ká kò bí ewé kókò tó rọ, etí rẹ̀ ti gun orí èkejì, ẹnu àpótí sì ti dí. Bébà kan ti há sí i lẹ́nu, àwọn mìíràn há mọ́ ọn. Nísàlẹ̀, àpótí náà kò kún dé ìdajì. Akọ̀wé kánsù kà wọ́n, ó tún wọn kà, ó ní Máláàmù Ísà ló wọlé.

Bàbá Ùròbò kan gbóhùn sókè, "Báwo? Ṣebí ó kún ni! Ojú mi báyìí ni mo fi rí i, bébà ti yọ síta lẹ́nu rẹ̀. Ìdí tí mo fi ju tèmi sí ti Máláàmù nìyẹn."

Òmíràn ní, "Èmi náà! Mo ní Bàbá Éfé ti wọlé tán, ẹ jẹ́ ká fún Máláàmù ní díẹ̀ kí ojú má baà tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí kò bá gbé Àpòmù ìgbà náà rí lè rò pé òpè ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òpè. Nínú ọjà tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń bára wọn ná nǹkan lójoojúmọ́, a kì í jẹ́ kí aládùúgbò ẹni gba òfo lójú èrò. Bí tìrẹ bá ti kún, o ó bu díẹ̀ fún tẹni kejì. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n hù sẹ́yìn aṣọ, pákó mi ló sì tàn wọ́n.

Akọ̀wé kánsù pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ohun tó wà nínú àpótí ni mo lè kà. Mi ò lè ka ohun tó wà lọ́kàn yín."

Mo wo Bàbá Éfé. Kò jà. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ránṣẹ́ lọ gba ìdérí náà, ó fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀, ó gbá a ní ìka lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Arère tútù." Mo ń retí okùn, mo tilẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ okùn. Ó wá mú fìlà rẹ̀, ó ní, "Dìde, ká lọ."

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé la kọ́kọ́ lọ. Ó ní ìwé ti lọ sí Ìbàdàn, kò sí àtúndì. A wá fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó. Níwájú ahéré Bàbá Éfé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Kí n tó gbójú sókè, ọ̀gá mi ti ṣí fìlà, òun náà ti wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Súnmọ́nù! N kò rí i kó tẹríba fún ẹ̀dá alààyè kan rí àyàfi Ọlọ́run rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ló jẹ́ kó ṣe é. Ẹ bínú sí mi."

Bàbá Éfé ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gun ọ̀pẹ yìí, Bàbá Súnmọ́nù. Inú igbó yìí ni mo sin ìyàwó mi sí. Ṣé pákó kan ṣoṣo ló máa wá lé mi lọ?" Kò wò mí. Ó wọ inú ahéré rẹ̀ lọ, a sì dìde.

Nígbà tí a dé Sábó, Máláàmù Ísà gbọ́ ọ tán, ó ju goro tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu. Ó ní, "Wàláhì, mo mọ̀! Àwa tí a wà ní Sábó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní àdúà òun ló gbà. Mo ní àdúà kì í sọ Ùròbò di Haúsá." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wá jókòó. Kò sẹ́ni tó ní èmi nìkan ló gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sinmi."

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó, òun àti Bàbá Éfé ni wọ́n jọ wọlé. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe délẹ̀, Máláàmù di ọ̀fun rẹ̀ mú. Ó ní ọ̀fun ń dun òun, kí wọ́n jẹ́ kí arákùnrin òun bá òun sọ ọ́. Bàbá Éfé sì dìde, ó sọ ọ́. Gbogbo ìpàdé ni ọ̀fun yẹn ń dùn ún. Wọ́n ní akọ̀wé bi í nígbà kan pé, "Máláàmù, kí ló dé tí ọ̀fun yín ò jinná?"

"Ọyẹ́ ni."

"Òjò ti dé, Máláàmù."

"Òjò náà kò bá ọ̀fun mi mu."

Akọ̀wé á mi orí, á kọ ọ́ sínú ìwé pé Máláàmù Ísà sọ báyìí báyìí. Nígbà tó yá, ìdílé onílẹ̀ gbà pé kí àwọn Ùròbò dúró, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́dún-lọ́dún. Bàbá Éfé dúró, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Bí a bá pàdé lọ́nà, yóò kí ọ̀gá mi, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ní tèmi, ọ̀gá fi ọdún kan kún ìkọ́ṣẹ́ mi. Láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, pákó ni mo ń sá. Mo ń gbá a ní ìka, mo ń gbóòórùn rẹ̀, mo ń fi ahọ́n kàn án. Ọdún yẹn gan-an ló sọ mí di káfíńtà. Nígbà tí ọ̀gá fún mi ní fíríìdọ̀mù, ó gbé ìfági ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Ọmọ mi àgbà ló ń lò ó báyìí.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkirè. Iná mànàmáná dé, ẹ̀rọ ìfági tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ wákàtí kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà o, ẹ má gbọ́ tẹni tó ní àwọn àgbà kórìíra ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn mi ló mọ ohun tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí n kò lè gbà ni pákó òde òní tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀, tí yóò wú bí búrẹ́dì bí òjò bá kàn án. Àpótí ìbò náà di ti irin, irin di rọ́bà tí ènìyàn ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Wọ́n ń kó wọn gba iwájú ilé mi kọjá bí ìdìbò bá dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárò ìgbà tí wọ́n ń wá káfíńtà kí wọ́n tó lè dìbò ń sọ mí.

Ọmọ ọmọ mi béèrè bóyá iṣẹ́ tó dára ni. N kò lè dá a lóhùn láìsọ ohun kan tí mo ti fò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, òmìnira ti dé, mo ń fági lọ́wọ́ ọ̀sán, ni òjìji ènìyàn kan bo tábìlì mi. Bàbá Éfé ni. Ó ti hewú. Ó fi ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Àpòmù sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Mo fi ìfági sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sórí èèrún igi.

Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ kí o bá mi kàn."

Ẹni tó bá mọ ahéré wọn á mọ ìdí tí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹní ni wọ́n máa ń ta sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn, nítorí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kì í náwó sí ilẹ̀kùn. Ìdílé onílẹ̀ ti fi ọwọ́ sí ìwé fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó tún máa yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Mo fẹ́ kó rí iṣẹ́ mi kíá, ṣùgbọ́n irọ́ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ní, "Bàbá, pákó tó wà nílẹ̀ ò tí ì gbẹ. Ó máa tó oṣù márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ lè lọ bá ẹlòmíràn."

Ó fọwọ́ kan pákó náà, ó rí i pé ó ṣì tutù, ó sì wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìdìbò.

Ó ní, "Máa sá a, ọmọ mi. Mi ò kánjú. Mi ò lọ síbì kankan mọ́."